Mo kórìíra ohun tí òǹkọ̀wé ṣe, mo sì fẹ́ràn ìtàn rẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Àsàlámù àléékùm, Alfa. Láti sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń ka ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Rurouni Kenshin, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ní 2017 wọ́n fẹ̀sùn kan Nobuhiro Watsuki tó kọ ọ́, pé wọ́n bá fídíò ìhòhò àwọn ọmọdébìnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2018 wọ́n ní kó san 200,000 yen, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹfà ọdún yẹn, ìtàn rẹ̀ ti tún ń jáde. Inú bí mi, mo fi Ọlọ́hun búra pé n kò ní wo Kenshin mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé tuntun jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2023, mo wò ó. Ṣé kí n kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ni? Àwọn kan tún ní kí n máa wo èyí tí wọ́n jí gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kọ́bọ̀ mi má baà dé ọwọ́ rẹ̀.

Ìdáhùn: Wa aléékùm sàlámù, ọmọ mi. Ìbúra yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú, nítorí gbèsè ti wà lọ́rùn rẹ níbẹ̀. O mọ̀ọ́mọ̀ búra, o sì mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ ẹ́, kàfárà, ìyẹn ìtánràn ìbúra tí a yẹ̀, ti di dandan. Súrà Màídà, àáyà 89, to ọ̀nà rẹ̀: kí o bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kí o fi aṣọ bò wọ́n, tàbí kí o tú ẹrú sílẹ̀, èyí tí kò sí lóde òní mọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ọ̀kankan nínú wọn ni yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Owó wà lápò wọn, ààwẹ̀ ni wọ́n ń sáré lọ gbà, ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì san gbèsè náà.

Nínú mazhab (ọ̀nà òfin ẹ̀sìn) Màlíkì tí a ń tọ̀ nílẹ̀ wa, múdùnnábì kọ̀ọ̀kan ni ti tálákà kọ̀ọ̀kan, nínú oúnjẹ tí ará ìlú ń jẹ. Ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni múdùnnábì kan, ọwọ́ ọkùnrin tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù. Bí o bá fẹ́ se é, bọ́ wọn yó lọ́sàn-án, kí o tún bọ́ wọn yó lálẹ́. Ènìyàn mẹ́wàá ni o! Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ fún baba arúgbó kan ṣoṣo, ti ẹnì kan lo san, ó ku mẹ́sàn-án. Má fi owó dípò oúnjẹ; àwọn tó ń tọ mazhab Hánáfì gbà á, àwa kò gbà á. Bí o bá sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kàfárà kan náà ni, torí ìbúra kan lo ṣe.

Ní ti ìtàn náà, ẹ̀ṣẹ̀ Watsuki kò sí nínú ìwé iṣẹ́ tìrẹ. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà An'ám, àáyà 164, pé ẹlẹ́rù kan kò ní ru ẹrù ẹlòmíràn. Ẹ̀rí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ jù lọ wà nínú Sahih Muslim, ìwé hádíìsì. Sharid, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, jókòó sẹ́yìn Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lórí ẹran tí wọ́n ń gùn, Ànábì sì bi í bóyá ó mọ nǹkan nínú ewì Umayya ọmọ Abi Salt. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ké ìlà kan, Ànábì ní kó máa ké e lọ. Ó tún ké òmíràn, ó ní kó máa ké e lọ, títí tí ó fi ké ọgọ́rùn-ún ìlà. Umayya yìí kò gba Ànábì gbọ́ títí tó fi kú. Wọ́n gbọ́ ewì rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó tìtorí ewì sọ ọ́ di ẹni rere.

Nítorí náà, ohun tó wà nínú ìtàn ni kí o wọ̀n. Kenshin inú ìtàn náà, apànìyàn tó jáwọ́, tó wá ń gbé idà tí ẹnu rẹ̀ kọjú sẹ́yìn kó má baà pa ẹnikẹ́ni mọ́, kò burú láti kà nípa rẹ̀. (Òun tilẹ̀ gbìyànjú láti pa ẹ̀jẹ́ tirẹ̀ mọ́ jù ọ́ lọ.) Ibi tí ìhòhò bá wà, fò ó, bí ìrun bá tó, pa á.

Jíjí wò ńkọ́? Rárá. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì (òfin ẹ̀sìn) ti àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Kuwait ní 1988, wọ́n sì fẹnu kò pé dúkìá tí ẹ̀sìn ń dáàbò bò ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn tó ya àwòrán àti àwọn tó fi ohùn sí i náà ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀, wọn kò sì ṣẹ̀ ọ́. Bí o kò bá fẹ́ kí owó rẹ kàn án, ra ìwé àlòkù tàbí kí o yá a: ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ta ìwé ni òǹkọ̀wé ti gba ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún ẹni tó ra tuntun pé ó jẹ hàráàmù. Ànábì fúnra rẹ̀ ra ọkà bálì lọ́wọ́ Júù kan ní Mẹ̀dínà, ó sì fi ẹ̀wù irin ogun rẹ̀ dógò.

Ẹnu ló kù. Àwọn kan á ní, "Ó kúkú ti sanwó," wọn á sì máa yìn ín bí ọ̀gá. Má bá wọn dá sí i. Àwọn mìíràn á pè é ní afipábánilòpọ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni níní fídíò lọ́wọ́, má fi kún un. Súrà Màídà, àáyà 8: ìkórìíra kò gbọdọ̀ mú yín ṣàìṣe déédéé.

Bí o bá fẹ́ tako ohun tó ṣe ní tòótọ́, inú ẹgbẹ́ yín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá wà níbẹ̀. Ní kí ádímínì fi òfin lélẹ̀: àgbàlagbà kò gbọdọ̀ máa kọ̀wé sí ọmọdé ní kọ̀rọ̀, ẹni tó bá fi àwòrán ìhòhò ọmọdé ránṣẹ́, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àwòrán náà ṣọwọ́ síbòmíràn, ì báà jẹ́ láti fi ṣe ẹ̀rí. Bí ádímínì bá gbà, dúró. Bí ó bá kọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà náà ni kí o jáde.