Oògùn wo ni ká dà pọ̀ fún òwú tí ìdin ti wọ̀?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Òwú ni àwọn òbí ọ̀rẹ́ mi ń gbìn ní agbègbè Yavatmal, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Irúgbìn Bt tí wọ́n ní kòkòrò kì í jẹ ni wọ́n gbìn, síbẹ̀ ìdin ti wọnú èso rẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn fún wọn ní kí wọ́n da oríṣi mẹ́ta pọ̀. Èwo àti èwo ni ó dára jù?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tí wọn yóò dà pọ̀. Ìbéèrè yìí ti di lemọ́lemọ́ lọ́dọ̀ mi. Irúgbìn Bt, tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí òwú fúnra rẹ̀ lè ní oró tó ń pa ìdin, tí ìjọba Íńdíà sì fọwọ́ sí ní 2002, kò fìgbà kan jẹ́ adènà gbogbo kòkòrò. Nítorí ìdin tó ń jẹ èso òwú ni wọ́n ṣe ṣe é, kò sì kan àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu. Èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú àwọn ìdin náà, tí mo fura pé òun ni ẹ ń sọ, ti wá di ẹni tí oró Bt kò ràn mọ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Àfòpiná yóò yé ẹyin sára òdòdó tàbí èso tútù. Bí ẹyin bá ti pa, ìdin yóò gbẹ́ ihò tíntín wọlé, ihò náà yóò dí, yóò sì jókòó sínú ibẹ̀ máa jẹ kóró òwú. Ẹ̀yìn èso ni oògùn tí wọ́n bá fọ́n ń dúró sí, ì báà jẹ́ oríṣi mẹ́wàá. Ẹni tó ń fọ́n ọn ni yóò ràn. Ní Yavatmal yìí kan náà, ní 2017, nǹkan bí 20 àgbẹ̀ àti alágbàṣe ló kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì dèrò ilé ìwòsàn, nígbà tí wọ́n ń fọ́n àdàlù oògùn sí òwú tó ti ga jù wọ́n lọ, tí oògùn ń kán sí wọn lójú. Iye ìgò tó bá tà ni èrè ẹni tó ń ta oògùn. Kì í ṣe olùkọ́ àgbẹ̀.

Kí wọ́n já èso tútù 20 káàkiri oko, kí wọ́n là wọ́n wò. Bí ìdin ààyè bá wà nínú méjì, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ oògùn, ẹyọ kan ṣoṣo, tó wáyé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí n kò rí oko náà. Krishi Vigyan Kendra, ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àgbẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, wà ní Yavatmal. Bó bá jìnnà, kí wọ́n pe Kisan Call Centre lórí 1800-180-1551, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń gbọ́ èdè Marathi níbẹ̀. Kí Oṣù Kejìlá tó parí, kí wọ́n fa igi òwú tu, kí wọ́n má ṣe kó o jọ sẹ́yìn ilé fún ìdáná, torí inú èso gbígbẹ tó kù lórí rẹ̀ ni ìdin ń sùn sí de òjò Oṣù Kẹfà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì ti fọ́n àdàlù náà, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tó ń bì, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí wọ́n sì mú ìgò oògùn náà dání.