Ìgbìmọ̀ Ìlera Wọ́ọ̀dù Wa Fẹ́ Fi Máàkì Pinnu

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wa. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ti bàjẹ́, agbẹ̀bí kò ní yàrá tó lè sùn sí lóru, orùlé yàrá tí fíríìjì náà wà sì ń jò. Owó ọwọ́ wa kò ká gbogbo rẹ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì ròkè jù nípàdé ni tirẹ̀ ń borí. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí a máa fún ohun kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ó máa fi ìṣirò yanjú? — Ìyá kan, Iléṣà.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ bá wa kí nọ́ọ̀sì ọjọ́ iwájú náà, òótọ́ ló sọ. Ẹ kàn mọ̀ pé ohun tí ẹ bá kà sí pàtàkì nìkan ni máàkì máa ń gbé jáde, èyí tí ẹ bá gbàgbé kò ní sí níbẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà fojú winá èyí. Ní 1987, wọ́n dáwọ́ owó pípààrọ̀ ẹ̀yà ara fún àwọn aláìní dúró, ọmọ ọdún 7 kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì kú láìrí owó pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti to gbogbo ìtọ́jú tẹ̀ léra, kí ìjọba lè máa sanwó láti òkè wálẹ̀ títí dé ibi tí owó bá tán sí. Nínú ìtò àkọ́kọ́ ti 1990, tí wọ́n fi èrè ìtọ́jú wé iye tó ń náni, fífi ìdérí bo eyín tó ti ń hàn ẹran inú rẹ̀ wà ní ipò 371, iṣẹ́ abẹ oyún tó dúró sí òde ilé ọmọ wà ní 372, ti apẹ́ńdíìsì sì wà ní 377. Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan bí dọ́là 38 ni wọ́n ń fi bo eyín kan, tí ti apẹ́ńdíìsì sì lé ní 5,700. Kò kàn sí ibì kankan nínú ìṣirò náà tí wọ́n ti fún yíyọ ènìyàn lẹ́nu ikú ní ipò pàtàkì tirẹ̀. Wọ́n ní láti tún un tò, kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì fi làákàyè gbé àwọn kan sókè, kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ fíríìjì tàbí orùlé, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n: bí ewu náà ṣe le tó, iye ènìyàn tó kàn, bí àǹfààní rẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹ fún olúkúlùkù ní ọmọ ayò 10 kó pín in sórí àwọn ìwọ̀n yìí bí ó ṣe rò pé wọ́n ṣe pàtàkì sí, kí alága tó sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwọn ìwọ̀n náà fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ fẹ́ ṣe ní máàkì. Ẹ má ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ orúkọ méjì, kí ẹ sì kọ iye owó sápá kan lọ́tọ̀. Bí èsì bá yà yín lẹ́nu, ẹ wá ìdí rẹ̀; bí ẹ bá yí i padà, ẹ kọ ìdí náà sínú ìwé ìpàdé, kí àwọn ará wọ́ọ̀dù lè rí i kà.

Ní ti fíríìjì àti orùlé, abẹ́ orùlé kan náà tó ń jò ni fíríìjì tuntun yóò wà. Ohun kan ṣoṣo ni méjèèjì, ẹ má ṣe fún wọn ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.