Tíì Lẹ́yìn Ìsìn àti Àgbẹ̀ Kòkó Nílé: Kí Ni Ìjọ Lè Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ Yorùbá kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwa la máa ń se tíì fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kí a máa ra èyí tó ní àmì Fairtrade, ìyẹn àmì òwò tí kò rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Àwọn àgbà kan ní ó wọ́n, wọ́n tún ní àgbẹ̀ tí à ń torí rẹ̀ náwó kò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Kí ni ìjọ bíi tiwa lè ṣe tí yóò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí náà ojú àgbẹ̀ ni n ó fi dá yín lóhùn.

Owó náà ń dé, àmọ́ kì í bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan tààrà. Fún kòkó tí mo mọ̀ jù, Fairtrade ní iye tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ já wálẹ̀ jù. Ní 2019, wọ́n gbé e láti $2,000 sí $2,400 lórí tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n tún ń san owó àfikún, $240 lórí tọ́ọ̀nù nígbà náà, fún ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì pàdé dìbò lórí ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Iye tó wà ní èbúté ni $2,400 yẹn o. Tẹnu oko kéré sí i. Ní 2024 tí owó kòkó lágbàáyé kọjá $10,000, iye ìsàlẹ̀ yìí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọdún tí ọjà bá ṣubú ni ìwúlò rẹ̀ ń hàn, ọjà kòkó kì í sì í pẹ́ ṣubú. Ẹ kíyè sí àmì alákèré náà, ti Rainforest Alliance: ó ní tirẹ̀ tó ń ṣe fún igbó àti òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní iye ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó tíì, ẹ ra páálí ńlá tí àwọn ilé oúnjẹ máa ń rà, kì í ṣe páálí kéékèèké. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ ń fún àwọn ọmọdé ńkọ́? Gbogbo èyí tí ilé ìtajà Co-op ń tà ló ní àmì Fairtrade. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tíì àti ṣúgà, kí ìgbìmọ̀ ìjọ fọwọ́ sí i pé gbogbo ìpàdé ni a ó ti máa lò ó, kí ẹ má sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Oníbàárà tí kì í yẹ̀ ni àgbẹ̀ nílò. Kí àwọn àgbà má rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni: Christian Aid àti CAFOD, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Kristẹni, wà lára àwọn tó dá Fairtrade Foundation sílẹ̀ ní Bìrìtìkó ní 1992.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, mà. Tíì tí ẹ ń mu, Kẹ́ńyà tàbí Íńdíà ló ṣeé ṣe kó ti wá. Àgbẹ̀ kòkó ìlú yín kò sí nínú rẹ̀ rárá. Láti 1986 tí ìjọba Nàìjíríà ti tú ìgbìmọ̀ ọjà kòkó, tó máa ń dá iye tí wọ́n á ra kòkó, ká, alárobọ̀ ló ń bá àgbẹ̀ nájà lábúlé. Ní Oṣù Keje àti Ìkẹjọ, kòkó kò tíì dé, owó ilé ìwé ti ń sún mọ́lé. Àgbẹ̀ á yáwó lọ́wọ́ alárobọ̀, á sì fi kòkó Oṣù Kẹwàá san án ní iye tí olówó bá dá lé e. Ìwọ̀n wá ńkọ́? Ojú mi ló ṣe tí wọ́n gbé àpò tí àwa fúnra wa wọ̀n sí kílò 64 sórí ìwọ̀n alárobọ̀ kan, tó di 59. Kílò márùn-ún nínú àpò kan ṣoṣo! Àgbẹ̀ náà kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ó ti jẹ ọkùnrin náà lówó.

Ní Gánà, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn àgbẹ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní 1993: ọmọ ẹgbẹ́ ló ń wọn kòkó ọmọ ẹgbẹ́. Ní 1998 wọ́n ti ní ìpín nínú iléeṣẹ́ ṣokoléètì Divine ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbi tí ẹ wà yẹn.

Ìjọ yín lè ra ìwọ̀n kan tó péye fún ìjọ abúlé, kí ẹnikẹ́ni, Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, lè wọn kòkó rẹ̀ kó tó gbé e lọ tà. Kí ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ìkórè ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ alájẹṣẹ́kù, tí àwọn àgbẹ̀ á máa yá ní Oṣù Keje, tí wọ́n á sì dá padà nígbà tí kòkó bá dé. Ẹ má gbé owó náà lé pásítọ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn àgbẹ̀ yan akápò tiwọn. Ẹgbẹ́ tí ìwé rẹ̀ bá mọ́ bẹ́ẹ̀ ló lè béèrè ìwé ẹ̀rí Fairtrade lọ́la. Àgbẹ̀ kékeré tó dá dúró kò lè rí i gbà.

Kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa. Bàbá J. K. Coker, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú African Church tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1901, ní oko kòkó ní Ifákò lápá Agége. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó irúgbìn kòkó padà sílé, wọ́n kó ìjọ náà dání. Ìjọ àti kòkó ló jọ wọ ìlú mìíràn.

Kí ẹ tó fi owó kankan ránṣẹ́, ẹ bi àwọn ará ilé léèrè: ta ló ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn, ta ló ni ìwọ̀n, oṣù wo ni wọ́n sì máa ń yáwó? Tí ìdáhùn bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, mà, kí a jọ wò ó.