Èsì: Adágún omi òjò tó tóbi, àmọ́ tí omi rẹ̀ ń jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀
Ẹ béèrè ìdí tí omi fi ń jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ nínú adágún omi òjò yín bó ti tóbi tó. Ọ̀nà àbùjá ni mo kọ́kọ́ fura sí: bí ẹnu àbáwọlé bá sún mọ́ ẹnu àbájáde, omi tuntun yóò sáré kọjá kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ tó rọlẹ̀, omi tó kù nínú adágún yóò sì dúró lójú kan láìwúlò. Ẹ mọ òkìtì erùpẹ̀ dábùú adágún náà, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ìkángun kan, kí ọ̀nà omi lè gùn tó ìlọ́po 3 ìbú rẹ̀, ó kéré tán. Ẹ tún gbẹ́ kòtò kékeré sí ẹnu àbáwọlé, nítorí kíkó ẹrẹ̀ níbẹ̀ rọrùn púpọ̀ ju kíkó ti gbogbo adágún lọ.