Plug-in kún REAPER bí ẹrù inú ọkọ̀ akérò: ẹ má tíì pa ìkankan rẹ́

Ẹnì kan béèrè nípa REAPER, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń ṣe orin: plug-in (àwọn ètò kékeré tí a ń fi kún un láti tún ohùn ṣe tàbí láti dá ohùn) ti lé ní 300 lórí Windows rẹ̀, REAPER ń pẹ́ kó tó ṣí, EQ (plug-in tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀ tàbí ti òkè kù tàbí tó ń fi kún un) kan náà ń jáde lẹ́ẹ̀mejì, oníbèéèrè sì ti múra láti máa pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró ná. Ibi tí wọ́n wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí iye wọn kì í sábà jẹ́ ìṣòro.

Nínú REAPER, ẹ lọ sí Options, Preferences, Plug-ins, VST (irú plug-in kan ni VST; VST2 ni ti àtijọ́, VST3 ni tuntun). Àpótí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to ọ̀nà fódà sí. Tí ẹ bá bá C:\Program Files lódindi níbẹ̀, tàbí fódà tí ẹ ń kó sample (ègé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀) sí, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. REAPER á máa wọnú fódà, á tún wọ èyí tó wà nínú rẹ̀, á máa yẹ gbogbo .dll (irú fáìlì ètò Windows) tó bá pàdé wò bóyá plug-in ni. Ọ̀nà méjì péré tó o: C:\Program Files\Common Files\VST3, tó jẹ́ ibùgbé VST3 lórí Windows, àti fódà kan ṣoṣo tí ẹ bá yàn fún VST2, bíi C:\Program Files\VSTPlugins. VST2 kò ní ibùgbé kan pàtó, ibi tó bá wu installer (ètò tó ń fi plug-in sórí kọ̀ǹpútà) ló ń gbé e sí. Ìdí tí wọ́n fi máa ń fọ́n ká nìyẹn. Àwọn tó ti fọ́n ká, ẹ má kàn gé wọn kí ẹ lẹ̀ wọ́n síbòmíràn, torí òmíràn ní fódà àwòrán tàbí preset (ìtò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀) tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún un fi sí, kí ẹ wá tọ́ka fódà tuntun yẹn fún installer.

Ẹ má fi plug-in sí Desktop tàbí Documents tí OneDrive ń gbé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. OneDrive lè fi orúkọ fáìlì nìkan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí REAPER bá ṣe ń fọwọ́ kàn án ni OneDrive yóò máa fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà á sì máa lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ìró rẹ̀.

Nígbà tí installer bá ń béèrè èyí tí ẹ fẹ́, ẹ má máa tẹ Next lọ bí ẹni tí ọ̀nà jìn. AAX, irú plug-in ti Pro Tools (ètò ìgbohùnsílẹ̀ mìíràn) ni, ẹ yọ ọ́. 32-bit, irú ti àtijọ́, ẹ yọ ọ́, àyàfi tí iṣẹ́ àtijọ́ kan bá ṣì nílò rẹ̀. REAPER lè gbé 32-bit, ṣùgbọ́n ètò mìíràn tó ń jẹ́ reaper_host32 ló ń bá a gbé e.

Ọ̀rọ̀ ìbejì wá kù. EQ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ọ̀kan VST2 ni, èkejì VST3. Láti 2018 ni Steinberg, ilé-iṣẹ́ tó dá VST sílẹ̀, ti dáwọ́ SDK ti VST2 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ plug-in) dúró, nítorí náà VST3 ni kí ẹ máa lò fún iṣẹ́ tuntun. Àmọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ẹ fi VST2 ṣe, VST2 yẹn náà ni yóò béèrè. Tí ẹ bá ti pa á rẹ́, ohun tí ẹ máa bá ni fèrèsé tó ń to àwọn plug-in tí kò sí. Ẹ má yí orúkọ .dll padà náà, torí orúkọ fáìlì yẹn wà lára ohun tí project (fáìlì iṣẹ́ yín) fi ń dá a mọ̀.

Dípò pípa rẹ́, ẹ ṣa tiyín sọ́tọ̀. Nínú FX Browser, fèrèsé tí ẹ ti ń yan plug-in, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ apá òsì, kí ẹ dá fódà sílẹ̀. Iṣẹ́ ni kí ẹ fi sọ wọ́n lórúkọ: EQ, Compressor, Ohùn, Ìlù. Ẹ wọ́ plug-in bíi 20 tí ẹ ń lò lóòótọ́ síbẹ̀, kí ẹ sì gbàgbé ìyókù. Fáìlì ò kúrò níbi tó wà. Smart folder tún wà, ọ̀rọ̀ ni ẹ máa kọ fún un: tí ẹ bá kọ “vst3 comp”, gbogbo VST3 tí orúkọ rẹ̀ ní “comp” á wọlé, kódà èyí tí ẹ bá rà lọ́la. Èyí tí ẹ máa ń tò tẹ̀léra fún ohùn, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí FX chain (àwọn plug-in tó tẹ̀léra, tí ẹ lè pè lẹ́ẹ̀kan náà). Tèmi, èyí wúlò ju fódà lọ.

Tí scan (yíyẹ̀ tí REAPER ń yẹ àwọn fódà yẹn wò) bá dúró sórí plug-in kan, ẹ kọ́kọ́ tẹ Alt+Tab. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fèrèsé tó ń béèrè láísẹ́ǹsì fi ara pamọ́ sẹ́yìn, tó ń retí pé kí ẹ dá a lóhùn. Tí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wò ó bóyá Visual C++ Redistributable (àkójọ fáìlì Microsoft tí ọ̀pọ̀ plug-in nílò) ni kò sí. Lẹ́yìn àtúnṣe, Re-scan lásán (ní ojú-ewé VST tí a kọ́kọ́ ṣí) lè fo plug-in náà, torí ohun tuntun àti èyí tó yí padà ni ó ń wá. Èyí tó ní Clear cache ni kí ẹ lò. Yóò pẹ́ díẹ̀, ẹ lọ po tíì.

VST3 mìíràn fódà ni, kì í ṣe fáìlì. Ẹ ó rí fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .vst3, Contents wà nínú rẹ̀, x86_64-win wà nínú ìyẹn. Àwọn kan á yọ fáìlì inú lọ́hùn-ún síta, wọ́n á ju ìyókù nù. Àwọn nǹkan tí plug-in náà nílò lè wà nínú Resources tí wọ́n jù nù yẹn. Gbogbo fódà náà ni kí ẹ gbé.

Project tó ń pa REAPER bí ẹ bá ti ṣí i: níbi tí ẹ ti ń yan fáìlì, ẹ tẹ àpótí “Open with FX offline”. Tó bá ti ṣí, ẹ dá ìdajì plug-in padà sí online, kí ẹ save, kí ẹ wò ó. Tó bá kú, inú ìdajì yẹn ni ọ̀daràn wà. Ẹ tún ìdajì náà pín sí méjì. Bí 16 bá wà, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ẹ máa dán an wò.

Kí ẹ tó format (nu kọ̀ǹpútà kí ẹ tún Windows fi sí), ẹ lọ sí Preferences, General, kí ẹ lo Export configuration fún fódà àti chain tí ẹ tò. Kì í kó plug-in fúnra rẹ̀ o. Installer ni kí ẹ kó sórí flash, kí ẹ sì deactivate (gba padà lórí kọ̀ǹpútà yìí) láísẹ́ǹsì tó bá ní iye kọ̀ǹpútà tó lè wà lórí rẹ̀ kí Windows tó lọ.