Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń sọ pé kò sẹ́ni tí kò ní kòkòrò nínú?

Ìbéèrè náà ni pé: àwọn onísègùn ìbílẹ̀ a máa sọ pé kòkòrò àti aràn wà lára gbogbo ènìyàn, àpọ̀jù wọn ló ń di àìsàn. Kí ni wọ́n ní lọ́kàn? Ṣé ó bá ti dókítà mu?

Lójú wọn, kòkòrò àti aràn ní àpò tí wọ́n ń gbé nínú ara. Bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀ níwọ̀nba, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Aràn inú wà lára ohun tó ń lọ oúnjẹ. Bí ẹni náà bá ń jẹ ohun dídùn ní àjẹjù, wọ́n á pọ̀ sí i, àpò á kún, wọ́n á dà síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, tí àgbo inú sì fi máa ń korò. Kì í ṣe pé onísègùn fẹ́ pa wọ́n tán, ó fẹ́ kí wọ́n dín kù ni.

Ká sòótọ́, aràn gidi kì í bá ẹnikẹ́ni lọ oúnjẹ. Ó ń jẹ tiwa ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpò yẹn ló súnmọ́ òtítọ́ jù.

Bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò rí, tó ń gbé lára àgbàlagbà kan tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38, ìfun ńlá sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn wà. Ohun tí ìfun kékeré kò rí lọ̀, bí èèpo ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ni wọ́n ń jẹ. Èyí tí wọ́n ń pè ní butyrate jáde látinú rẹ̀: ó ń bọ́ ara ìfun, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń pẹ̀tù sí ìjà pọ̀ sí i. Síbẹ̀ ara kò fi wọ́n sílẹ̀ láìṣọ́. Ikun yíyọ̀ tó bo ìfun ńlá ní ìpele méjì. Ti òde ni wọ́n ń gbé, ti inú, tó kan ògiri ìfun, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹyọ kan. Antibọ́dì IgA, ohun ìjà tí ara ń ṣe, ń lẹ̀ mọ́ wọn kí wọ́n má bàa súnmọ́ ògiri, láìpa wọ́n. Ohun tó ń dá ìrù tí bakitéríà fi ń lúwẹ̀ẹ́ mọ̀ sì wà ní ẹ̀yìn ògiri ìfun jù, bí ajá tí wọ́n so sí ẹ̀yìnkùlé: ẹni tó ń kọjá níwájú kò kàn án, ẹni tó bá fo ògiri ló ń gbó mọ́. E. coli tó ń gbé ìfun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó bá dé àpò ìtọ̀, ìjà dé: ìtọ̀ á máa ta ènìyàn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí obìnrin máa nu ìdí láti iwájú lọ sẹ́yìn.

Ibi tí àlàyé àwọn àgbà ti kùnà ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun (táífọ́ọ̀dù). Salmonella Typhi, bakitéríà tó ń fà á, kò ní àyè tó tọ́ sí i nínú wa, kékeré rẹ̀ kò dára. Ó ń wọ ẹ̀wù kan tó ń jẹ́ Vi, tó ń bo ohun tí ara ìbá fi dá a mọ̀, ó sì ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó pa á. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ìfun lè lu ní bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Àgbo kíkorò kò tó o. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ilé ìwòsàn ni.

Àwa tí a ń gbé ampiclox, oògùn apakòkòrò, mì fún gbogbo inú rírun náà ṣe àṣìṣe òdìkejì. Ó ń pa àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀, Clostridioides difficile, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, sì lè gbà á. Ìgbẹ́ gbuuru lásán ń fẹ́ omi: ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tẹ́jú, nínú lítà 1 omi mímọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, ẹ má dúró, ilé ìwòsàn ni.

Ní ti omidùn ògì, bakitéríà tó ń kan án kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n iná ń pa wọ́n bí a bá ti sè é. Ẹni tó bá sì fẹ́ mu ún ní tútù, kó kọ́kọ́ mọ omi tí wọ́n fi sẹ́ ògì náà.