Kọ̀ǹpútà tó ya adití

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ìdílé wa sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi tó wà lókè òkun. Nítorí pé ọrùn-ọwọ́ ń dùn mí, ọmọ mi kọ́ mi bí mo ṣe lè máa sọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tó ń lo Windows 11, máa tẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, lọ́jọ́ kan kì í tẹ ohunkóhun. Lọ́jọ́ kejì, á tẹ ìsọkúsọ. Mo pe Adó-Èkìtì, ó tẹ "I do a kitty". Kí ni kí n ṣe? (Bàbá Olùkọ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, sà. Àìsàn méjì ni ẹ kó sínú lẹ́tà kan, oògùn wọn kò sì pa pọ̀. Kọ̀ǹpútà tí kò gbọ́ ohùn yín rárá yàtọ̀ sí èyí tó gbọ́ ohùn ṣùgbọ́n tí kò mọ ohun tí ẹ wí.

Lọ́jọ́ tí kò bá tẹ ohunkóhun, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, lẹ́yìn náà Sound, kí ẹ wá wo abẹ́ Input. Bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ilà kékeré kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gùn kó máa kúrú. Bí kò bá mì, máìkì ni ọ̀rọ̀ kàn. Ohun tí mo sábà máa ń bá ni íapíìsì Bluetooth tí ọmọ ilé kan so mọ́ kọ̀ǹpútà tó sì gbàgbé: kọ̀ǹpútà á máa retí ohùn láti inú íapíìsì tó wà nínú àpò ẹlòmíràn, nígbà tí ẹni tó ni ín jókòó síwájú rẹ̀ tó ń pariwo. Ẹ yan máìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ níbẹ̀.

Bí ilà náà bá ń mì tí ọ̀rọ̀ kò sì jáde, ẹ padà sí Settings, ẹ wọ Privacy & security, kí ẹ rí i pé Microphone wà ní ṣíṣí. Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ H, èyí tó ń mú kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ohun tí ẹ bá ń sọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ inú ìwé yín kí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣẹ́jú lè wà níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí. Èyí tí mo fura sí jù ní tiyín ni dátà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ̀ǹpútà ń fi ohùn yín ránṣẹ́ sí kó tó di ọ̀rọ̀ kíkọ, nítorí náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já, á ṣe é lónìí, kò ní ṣe é lọ́la.

Ní ti ìsọkúsọ, ẹ má ṣe jókòó nítòsí fáànù tàbí fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìyànjú Google Docs, ibi ìkọ̀wé Google lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú Chrome: ẹ wọ Tools, ẹ yan Voice typing, kí ẹ sì yan English (Nigeria) lórí àwòrán máìkì tó bá yọ. Ó sàn fún ahọ́n wa ju Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú àti ti ènìyàn yóò ṣì máa dà á láàmú, kí a má tíì sọ ti ẹni tó ń pe ilé ní "ulé" bí àwa ará Èkìtì. Ẹ má bá a jà. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò sí nínú ìtàn yín, bí "mango", kí ẹ máa pè é níbikíbi tí Adó-Èkìtì bá yẹ kó wà. Bí ẹ bá parí, ẹ tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ H, ẹ kọ mango sí àpótí àkọ́kọ́ àti Adó-Èkìtì sí ìkejì, kí ẹ wá tẹ Replace all. Bí máńgòrò bá wà lágbàlá ìdílé yín, ẹ yáa lo "pineapple".